Páléètì áíṣádò tuntun: kí ni kí n wò nínú àwọ̀ rẹ̀ kí n tó rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ìgbà tí páléètì áíṣádò tuntun, ìyẹn páálí tó kó oríṣiríṣi àwọ̀ ìpénpéju pọ̀, bá jáde lọkàn mi máa ń fà sí i. Àmọ́ tí mo bá rà á tán, àwọn àwọ̀ tó mọ́ á dà bí eérú lójú mi, àwọn tó ṣókùnkùn á sì jọra débi pé n kò ní mọ èyí tí mo lò. Mo dúdú dáadáa. Báwo ni mo ṣe lè wo páléètì nínú àwòrán kí n sì mọ̀ bóyá ó máa bá mi mu? Ṣé àwọn tó ń jáde báyìí tiẹ̀ dára fún irú mi?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ọ̀ràn méjì lẹ kó pọ̀, ibi tí wọ́n sì ti wá ò jọra. Eérú wá láti inú ohun tí wọ́n fi po àwọ̀. Àwọ̀ tó jọra wá láti ọwọ́ ẹni tó yan àwọ̀ sínú páléètì náà.

Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ ṣe pínńkì tó mọ́ tàbí búlúù bí ojú ọ̀run, àwọ̀ tó ki ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á wá bu ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ titanium dioxide sí i títí yóò fi mọ́ dé ibi tí wọ́n ń fẹ́. Lórí awọ tó pupa tàbí tó funfun, ìyẹ̀fun yẹn ò ní hàn. Lórí awọ dúdú, ṣe ló máa jókòó sókè gedegbe, àwọ̀ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ò sì ní lágbára tó láti bò ó. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: funfun tó bá fẹ́lẹ́ lórí ohun dúdú máa ń fà sí búlúù lójú ẹni tó ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí àlùkò tó mọ́, búlúù tó mọ́ àti àwọ̀ ewé tó mọ́ fi máa ń di eérú kíákíá, nígbà tí ìyeyè tó mọ́ àti àwọ̀ ọsàn tó mọ́ ṣì máa ń gbìyànjú díẹ̀, torí pé pupa àti ìyeyè inú wọn ń pa búlúù yẹn.

Àmọ́ ẹ gbọ́ apá kejì rẹ̀, torí inú mi máa ń dùn láti sọ ọ́. Áíṣádò tó ń dán, pàápàá irú èyí tó máa ń yí àwọ̀ padà bí èèyàn bá yí orí, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbára lé ìyẹ̀fun funfun láti hàn. Òkúta pẹlẹbẹ kékeré tó ń jẹ́ mica ni wọ́n máa ń fi ohun tín-ínrín bò, tí ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta padà lára rẹ̀. Lórí ohun funfun, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á pa á, kò ní hàn dáadáa. Lórí ohun dúdú, ó máa tàn yanran. Lórí ọ̀ràn yìí, awọ dúdú ló lérè jù. Nítorí náà, bí páléètì bá ní àwọ̀ wúrà, bàbà, tàbí àwọ̀ ewé tó ń yí sí àlùkò, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kó tó di pé ẹ wo pínńkì tó mọ́ tí wọ́n fi ṣe àwòrán iwájú páálí.

Ní ti kí àwọ̀ máa jọra, ẹ ya àwòrán páléètì náà sórí fóònù, kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe, kí ẹ sì sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ohun tó kù lójú yín nígbà náà ni bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ki tó. Ẹ jẹ́ ká mú páléètì oní-àwọ̀ mẹ́sàn-án, irú èyí tó pọ̀ lọ́jà: funfun bí egungun, pínńkì tó mọ́, búráùn tó mọ́, àwọ̀ ọsàn tó jóná, àwọ̀ bíríkì, pupa bí ìpẹtà, búráùn tó ṣókùnkùn, bàbà, àti wúrà tó fà sí pínńkì. Nínú páálí, mẹ́sàn-án ni. Tí ẹ bá yọ àwọ̀ kúrò, ọsàn tó jóná, bíríkì àti ìpẹtà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Búráùn tó mọ́ yẹn ńkọ́? Bó bá ki tó awọ yín gan-an, á pòórá síbẹ̀, torí awọ dúdú fúnra rẹ̀ búráùn ni. Ẹ ó rí i pé owó àwọ̀ mẹ́sàn-án lẹ fẹ́ san, àwọ̀ bíi mẹ́fà ló máa hàn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ máa wá ni páléètì tó ní ọ̀kan tó bá awọ yín mu, tí ẹ ó fi tẹ́ ìpénpéju. Ọ̀kan tó fi díẹ̀ ki ju awọ yín lọ fún kòtò ojú, bíi bíríkì tàbí búráùn pupa. Ọ̀kan tó ṣókùnkùn gidi fún igun ìta, yálà dúdú kirikiri tàbí búlúù dúdú. Ọ̀kan tó ń pariwo, tí kò ní funfun nínú. Àti ọ̀kan tó ń dán. Bí márùn-ún yìí bá wà, páléètì kékeré náà tó. Bí wọn ò bá sí, páléètì oní-àwọ̀ méjìdínlógún ò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ní ti àwọn tó ń jáde báyìí, ẹ rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ Urban Decay gbé páléètì tó ń jẹ́ Naked jáde ní 2010, àwọ̀ méjìlá tó jẹ́ búráùn àti bàbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Anastasia Beverly Hills gbé èyí tó ń jẹ́ Modern Renaissance jáde ní 2016, àwọ̀ mẹ́rìnlá, pupa àti bíríkì ló sì gbé e níyì. Lẹ́yìn rẹ̀, pupa gba gbogbo ọjà. Ìsinsìnyí, àwọ̀ tútù ló ń padà bọ̀: búráùn tó fà sí eérú àti àlùkò tó ti ṣá. Ní tèmi o, irú àwọn yìí ló le jù fún awọ dúdú, torí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi funfun mú àwọ̀ tutù. Ẹ wá èyí tó jẹ́ pé àlùkò tó ki tàbí búlúù dúdú ló mú un tutù. Bí èyí tó ṣókùnkùn jù nínú páléètì náà bá ṣì mọ́ ju awọ yín lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má gbára lé fídíò tí wọ́n ti ń fi ìka kun àwọ̀ sí inú apá. Ìka máa ń kó ìyẹ̀fun tó pọ̀, inú apá sì sábà máa ń mọ́ ju ìpénpéju lọ. Ẹ wá ẹni tí awọ rẹ̀ jọ tiyín, tó fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún sójú, tó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn páálí wò. CI ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àwọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. CI 77891 ni titanium dioxide. CI 77491, 77492 àti 77499 ni pupa, ìyeyè àti dúdú tó jẹ́ ti irin. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí wọ́n to àwọn àwọ̀ sí ìparí bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà ẹ ò lè fi ipò nọ́ńbà mọ bó ṣe pọ̀ tó. Ohun tí páálí lè sọ fún yín ni bóyá carmine, àwọ̀ pupa kan tó jẹ́ CI 75470, lè wà níbẹ̀. Ara kòkòrò ni wọ́n ti ń rí i, ó sì máa ń yọ àwọn kan lára. Ní Amẹ́ríkà, àwọn pínńkì àti pupa kan wà tí FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge, ò fọwọ́ sí fún àyíká ojú. Àwọn ilé iṣẹ́ á wá kọ "pressed pigment" (ìyẹ̀fun àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ pọ̀) dípò "eyeshadow" (áíṣádò) sára wọn. Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fi àbàwọ́n sílẹ̀ lórí ìpénpéju. Bí ojú yín bá máa ń yún yín, ẹ má fi wọ́n kàn án.

Lílò ló kù. Práímà (ìpara tí wọ́n fi ń tẹ́ ìpénpéju kí àwọ̀ lè dì mú) tàbí kọnsílà (ìpara tí wọ́n fi ń bo àbàwọ́n) tó tó orí ìṣáná fún ojú kan ti tó. Ẹ fi ìka tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá fi atíkè díẹ̀ tó bá awọ mu sí i. Bí ó bá ṣì tutù, àwọ̀ á lẹ̀ mọ́ ibì kan, á fi ibì kan sílẹ̀. Bí atíkè bá sì pọ̀ jù, áíṣádò ò ní rí ohun tó máa dì mú. Fún àwọ̀ tó mọ́, ẹ má fi atíkè sí àárín ìpénpéju rárá; ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ẹ má gbá a. Fún èyí tó ń dán, ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ bu ìyẹ̀fun, kí ẹ tó wọ́n omi díẹ̀ sí búrọ́ọ̀ṣì. Bí búrọ́ọ̀ṣì tútù bá wọ inú páléètì, ojú ìyẹ̀fun á dì gan-an, búrọ́ọ̀ṣì ò ní rí nǹkan bù mọ́. Òróró ọwọ́ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn díẹ̀, ẹ ṣí i kúrò, ìpele tó dì á bá a lọ.

Bí ìyẹ̀fun bá rọ̀ lúbúlúbú, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó fi nǹkan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí èyí tó bá já bọ́ lè ṣeé nù.

Ẹ má ju àwọn tó di eérú tẹ́ ẹ ti rà nù o. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà bu díẹ̀ nínú rẹ̀ àti díẹ̀ nínú bíríkì, ẹ pò wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ọwọ́, ẹ ó rí i pé ó gba pupa. Tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù ojú tó ní àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n tó ki, tẹ́ ìpénpéju, kí ẹ tó tẹ ìyẹ̀fun náà lé e lórí.