Níbo ni ìrìn-àjò dẹ́rẹ́bà ti ń parí?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Àáfà. Dẹ́rẹ́bà tírélà ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Àpápá ni mo ti ń kó ẹrù lọ sí Kano, ìlú wa náà ni mo sì ń gbà kọjá. Nígbà mìíràn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó sùn sílé, bí mo bá sì sùn, kì í ju alẹ́ méjì lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní páàkì sọ pé inú ọkọ̀ ni ilé dẹ́rẹ́bà, pé kí n máa dín ìrun kù kódà bí mo bá wà nílé. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń dá bí mo ṣe ń fi òun àti ọmọ sílẹ̀. Lọ́jọ́sí, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, pè mí ní "Bọ̀ọ̀dá ọlọ́kọ̀". Kí ni ẹ̀sìn wí sí i?

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàlámù, àbúrò mi. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Jẹ́ kí n mú ti ìrun ṣáájú, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ fara pamọ́ sí.

Ọlọ́hun ṣe ìrọ̀rùn fún onírìn-àjò nínú Sūratun-Nisā'i, āyà 101. Àyìlá, Àláásàrì àti Ìṣáì á di ráká'à méjì-méjì. Mọ̀ọ́ríbì àti Àsùbáà á wà bí wọ́n ṣe wà. Lójú ọ̀nà Imaamu Mālik tí èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ìrìn tó bá tó nǹkan bíi kìlómítà 80 ló ń mú èyí wá, o ò sì ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí o bá ti jáde láàárín ilé ìlú. Tí o bá tò sí Àpápá, tí o kò mọ̀ bóyá òní ni wọ́n máa pè ọ́ wọlé tàbí ọ̀la, máa dín in kù lọ. Ṣùgbọ́n tí o bá ti mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin gbáko lo máa lò níbẹ̀, kí ìrun rẹ pé.

Ohun tí wọn kò sọ fún ọ ní páàkì nìyí: àwọn onímọ̀ Mālik ka ohun tó ń já ìrìn-àjò. Ọ̀kan ni kí èèyàn wọ ìlú tó fi ṣe ibùgbé. Èkejì ni kó wọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà, ìyàwó tí wọ́n ti jọ di lọ́kọláya. Wọn kò béèrè iye ọjọ́. Bó jẹ́ oorun alẹ́ kan lo fẹ́ sùn kí o tún wa ọkọ̀ rẹ lọ, ìrun rẹ gbọ́dọ̀ pé, nítorí o ti délé. (Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá sì ní ìyàwó mìíràn sí Kano, ẹ bá mi sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dín ìrun kù níbẹ̀ náà o.) Nítorí náà, inú ọkọ̀ kọ́ ni ilé dẹ́rẹ́bà. Ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni.

Èmi wá ní ìbéèrè tèmi fún ọ. Òfin ti sọ pé ìrìn-àjò rẹ parí lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ. Ṣé ó máa ń parí lóòótọ́? Mo mọ bí ẹ ṣe ń ṣe. Ọkọ̀ á dúró níwájú ilé, ilẹ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí ẹ ó ti wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú mẹkáníìkì. Ìyàwó á gbé ọbẹ̀ gbígbóná síwájú, fóònù á wà létí, ẹlẹ́rù á máa pariwo, ọbẹ̀ á tutù. Oorun á gbé yín títí di ìrọ̀lẹ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, a tún ti tẹ́ẹ́sì ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń wo gbogbo eléyìí, kí ló fẹ́ pè ọ́?

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, kí ìyàwó rẹ ṣe sùúrù díẹ̀ fún ọ. Ẹni tó ń rìn kiri wá ọrọ̀ halaali wà ní ipò ńlá: nínú Sūratul-Muzzammil, āyà 20, Ọlọ́hun dárúkọ irú wọn pọ̀ mọ́ àwọn tó ń jagun lójú ọ̀nà Rẹ̀. Bí o bá ń fi owó oúnjẹ sílẹ̀ kí o tó lọ, tí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ fẹnu kò lórí iṣẹ́ náà, àìsí nílé nìkan kò sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ní òun kò fara mọ́ ọn mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Sayyidinā Umar, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe olórí Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì, gbọ́ ohùn obìnrin kan lóru ní Madīnà, ó ń dárò ọkọ rẹ̀ tó ti lọ sójú ogun. Umar lọ bá Hafsa ọmọ rẹ̀, ó béèrè bí obìnrin ṣe lè pẹ́ tó láìrí ọkọ. Ìtàn kan sọ pé oṣù mẹ́rin ló dáhùn, òmíràn sọ pé mẹ́fà, Umar sì fi í ṣe gbèdéke fáwọn ọmọ ogun. Má mú èyí lọ sílé láti fi bá a jiyàn o! Gbèdéke ogun ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rẹ kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ kò sí lójú ogun.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Mālik ọmọ Huwayrith wà lára wọn. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn o, kì í ṣe ẹrù Kano. Lẹ́yìn ogún òru, Ànábì rí i pé àárò ilé ti ń sọ wọ́n. Ó bi wọ́n léèrè àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀, ó wá ní: "Ẹ padà sọ́dọ̀ ará ilé yín, ẹ dúró láàárín wọn, ẹ kọ́ wọn." Ẹ dúró láàárín wọn: ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Hádíìsì mìíràn ní abala kan nínú ìyà ni ìrìn-àjò, pé bí ẹnikẹ́ni bá ti parí ohun tó bá lọ, kó yára padà sílé. Àwọn àgbà tiwa náà ní àjò kì í dùn kónílé má relé.

Bàbá mi ń kó obì lọ sí Kano nígbà tí a wà ní kékeré. Wọ́n máa ń gbé dábínù bọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ti kúrò lẹ́nu mi. Ohun tí mo rántí ni àárọ̀ Jímọ̀: wọ́n á jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, a ó tò síwájú wọn, wọ́n á máa fi abẹ gé èékánná wa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa bi wá ní sūrà tí a há sórí. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn dúnàádúrà obì nígbà yẹn.

Nítorí náà, bá ìyàwó rẹ jókòó, kí ẹ jọ ṣírò ọjọ́. Bí o bá na Kano lẹ́ẹ̀mejì, sọ fún ẹlẹ́rù pé ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ lé e kì í ṣe tirẹ̀. Owó á dín díẹ̀, mo mọ̀. Ẹ jọ pinnu ohun tí ẹ ó dín lára ìnáwó. Bí ìlú yín bá tún ti wà lójú ọ̀nà yìí, má fọn fèrè kọjá lóru. Tẹ̀ ẹ́ láago kí o tó dé: Ànábì kò fẹ́ kí onírìn-àjò já wọlé lóru láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ìyàwó tí irun rẹ̀ wú lè rí àyè yà á.

Ní ti Bọ̀ọ̀dá ọlọ́kọ̀: lọ́jọ́ tí o bá tún ń lọ, gbé ọmọ náà jókòó sórí àga dẹ́rẹ́bà, kí o kọ́ ọ ní àdúà tí Ànábì ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ rìn, "Ọlọ́hun, Ìwọ ni alábàárìn nínú ìrìn-àjò, Ìwọ ni arólé láàárín ará ilé." Jẹ́ kó kà á fún ọ. Tí o bá dé Jẹ́bà, tẹ̀ ẹ́ láago kó tún un kà.