Èsì: Ìdí tí owó ìrànwọ́ Kòrónà kò fi kan àbúrò yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dé tí àbúrò yín tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí kọ́bọ̀ gbà ní 2020 nínú owó ìrànwọ́ Kòrónà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà sì gbà. Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló kó bá a. Ìwé owó-orí 2018 sí 2019 ni ìjọba Ìlú Ọba fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bó ti wù kó máa san owó-orí déédéé tó, wọn ò kà á kún. Káfíńtà rí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ gbà, tí kò gbọdọ̀ ju £7,500 lọ fún oṣù mẹ́ta. Èmi ò rí ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀ o! Ó di 2021, nígbà tí wọ́n ń san owó ìrànwọ́ náà lẹ́ẹ̀kẹrin, kí wọ́n tó gba ìwé 2019 sí 2020. Wọn ò sì san ti ẹ̀ẹ̀mẹta tó ti kọjá fún irú àbúrò yín.