Èsì: Kí ló dé tí mi ò lè dá ọwọ́ mi dúró bí nǹkan bá sú mi?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí ọjà bá ti dá ni ọwọ́ yín ń lọ síbi tẹ́tẹ́ orí fóònù, pàápàá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ gbèsè bá wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sà sí yín o.

Ọpọlọ èèyàn kórìíra kó jókòó lásán. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Virginia l'Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn dá jókòó fún ìṣẹ́jú 15: kò sí fóònù, kò sí ìwé, àfi bọ́tìnnì kan tí iná máa gbé wọn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti tọ́ iná ọ̀hún wò, wọ́n tiẹ̀ ní àwọn á sanwó kó má bàa gbé àwọn mọ́. Síbẹ̀, nínú ọkùnrin 18, àwọn 12 tẹ̀ ẹ́. Nínú obìnrin 24, àwọn 6. Ọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ nígbà 190! (Tiẹ̀ tún lé kenkà.)

Ti másùnmáwo ńkọ́? Apá iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn iwájú orí wa níbí, ló ń sọ pé "dúró ná". Bí ìdààmú bá pọ̀, ìjánu ibẹ̀ á dẹ̀, ohun tó ti mọ́ni lára á sì gba ipò. Tẹ́tẹ́ wá mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí èrè tí a ò mọ ìgbà tó máa dé máa ń ru dopamine (èròjà inú ọpọlọ tó ń mú kí nǹkan máa wù wá ṣe) sókè dáadáa.

Ní tèmi, mo pa áàpù tẹ́tẹ́ orí fóònù mi rẹ́. Láago méjì ọ̀sán tí ọjà máa ń dá, fóònù mi á wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, èmi á máa bá a bó ẹ̀gúsí.