Owó Tí A Dá fún Adágún Agodi: Ibo Ni Kí A Kọ́kọ́ Ná An Sí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní apá Aṣí, n'Ìbàdàn. Àwa àti àwọn ẹgbẹ́ onílé tó múlé gbè wá ti ń dá owó jọ kí a lè ran adágún inú ọgbà Agodi lọ́wọ́, nítorí bí òjò bá ti rọ̀, omi rẹ̀ á pọ́n, ewéko sì ń bo ibi tí odò ti ń wọ inú rẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kí a háyà katakata kí ó kó ẹrẹ̀ ibẹ̀ jáde. Àwọn mìíràn ní kí a ra oògùn apakoríko. Èwo ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan, ẹ sì bá mi kí àwọn onílé tó yọ owó sílẹ̀ lásìkò tí owó wọ́n yìí. Èmi kò ní gbà yín níyànjú láti háyà katakata báyìí, n kò sì ní kí ẹ ra oògùn. Òkè odò ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó náà sí, ní àdúgbò tiyín gan-an, nítorí pé inú ọgbà kọ́ ni ohun tó ń ba adágún jẹ́ ti ń wá.

Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà Agodi sílẹ̀ fún ẹranko àti ewéko. Odò Ògùnpa, tó ń ti apá Aṣí sọ̀ kalẹ̀, ni ó ń bọ́ adágún náà. Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí Ògùnpa kún àkúnya, tó ba ọgbà náà jẹ́, tó sì gbá púpọ̀ nínú àwọn ẹranko ibẹ̀ lọ. Ó di ọdún 2012 kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, wọ́n sì ṣí i padà ní ọdún 2014. Ẹ wo iye ọdún tó wà láàárín méjèèjì. Odò kan náà ṣì ni ó ń wọ ibẹ̀ títí di òní, ohunkóhun tí àwa tí a ń gbé lókè bá sì jẹ́ kí ó gbé, adágún ni yóò gbà á.

Omi tó ń sáré lè gbé yanrìn àti yẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dé inú adágún, eré rẹ̀ á dínkù, ẹrù náà á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ẹnu ibi tí odò ti ń wọlé ni ó máa ń kọ́kọ́ kún, tí ewéko sì máa ń kọ́kọ́ rí ibi dúró sí. Yẹ̀pẹ̀ yìí kì í dá wá. Èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, omi ìfọṣọ, ìgbẹ́ ẹran àti ṣáláńgá tó ń jò sí gọ́tà sì ń fi kún un. Ajílẹ̀ ni gbogbo èyí jẹ́ fún ewéko ojú omi. Bí ẹ bá fa ewéko tu lónìí tí ajílẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró, òmíràn yóò hù.

Nípa oògùn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Bí ewéko púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, yóò rà sínú omi, jíjẹrà rẹ̀ yóò sì gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ẹja ń mí. Ẹ lè jí láàárọ̀ kí ẹ rí ẹja tó léfòó. Ọwọ́ ni ó yẹ kí a fi kó ewéko, kí ó tó yọ òdòdó, kí a sì gbé e jìnnà sí etí omi, torí èyí tí a bá kó jọ síbẹ̀ yóò tún ṣàn padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ omi náà láìwọ bàtà òjò gíga, nítorí kòkòrò tó ń fa àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, máa ń wà nínú omi tí kò sáré tí ìgbín omi sì wà nínú rẹ̀.

Katakata ní àsìkò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ onílé. Ẹrẹ̀ tí a bá kó jáde gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò lọ. Bí a bá gbẹ́lẹ̀ súnmọ́ ìdí dáàmù tó sé omi adágún náà, ó lè di ewu fún gbogbo àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò. Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun yóò kó yanrìn ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Yanrìn tí yóò tà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò, kì í bìkítà bí etí omi bá ya.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà àdúgbò yín nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí omi ti ń pọ́n sílẹ̀. Ẹ óò rí i pé ibi mélòó kan péré ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù: ojú títì tí kò ní ọ̀dà tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ tí wọ́n ro tí wọn kò kọ́lé sí, òkìtì yanrìn bíríkìlà lẹ́bàá gọ́tà. Ibẹ̀ ni kí owó yín lọ. Ẹ to òkúta dí ojú àgbàrá kí eré rẹ̀ lè dínkù. Ẹ gbẹ́ kòtò ìdẹkùn yanrìn kí gọ́tà tó bọ́ sínú odò, kí ẹ sì máa kó o kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín òjò. Sí etí odò, ẹ gbin koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ ju mítà 2 lọ. Ẹ má gbin igi tíìkì nìkan: abẹ́ rẹ̀ kì í sábà ní koríko, ewé rẹ̀ tó gbòòrò sì máa ń kó òjò jọ, tí yóò fi kán lulẹ̀ ní ẹ̀kán ńlá tó ń tú yẹ̀pẹ̀.

Fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti pàǹtí, irin àsẹ́ ní ẹnu gọ́tà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Irin tí a kò bá tú pàǹtí ojú rẹ̀ lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan yóò dí omi mọ́ inú ilé àwọn ènìyàn. Nítorí náà, kí ẹ tó rọ irin, ẹ kọ́kọ́ gba ẹni tí yóò máa tú u, kí ẹ sì ti ya owó oṣù rẹ̀ sọ́tọ̀ títí òjò yóò fi parí. Lójú tèmi, owó oṣù ẹni yìí ni owó tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ná. Ó kéré tán, kí ẹ fi ìdajì owó tó wà lọ́wọ́ yín pamọ́ fún ìtọ́jú, kí ó wà ní báńkì lórúkọ ẹgbẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta jọ máa buwọ́ lù ú, kí akápò sì máa ka ìṣírò rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ń so èso. Ẹ gé páànù róbótó tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, ẹ kùn ún ní dúdú àti funfun ní tẹ̀léra, kí ẹ so okùn tí a fi àmì sí mọ́ ọn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí oòrùn bá wà lókè, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi pòórá lójú yín, kí ẹ kọ jíjìn ibẹ̀ sílẹ̀. Bí jíjìn náà bá ń pọ̀ sí i, omi ti ń mọ́ nìyẹn. Ibì kan náà ni kí ẹ ti máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama lè ṣe é, bí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọgbà bá wà pẹ̀lú wọn.

Ìjọba ni ó ni ọgbà náà. Ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn alákòóso ọgbà, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàdàn, kí ẹ sọ ohun tí ẹgbẹ́ yín yóò ṣe lókè odò àti ohun tí ẹ ń bẹ̀ wọ́n kí àwọn náà ṣe nínú ọgbà. Ẹ gba èsì tí wọ́n buwọ́ lù kí ẹnikẹ́ni tó wọ etí omi. Bí ẹ bá fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé, ẹ óò lè gbẹ́ kòtò yanrìn láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, kí ẹ sì gbin koríko bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀.