Ìyá mi ń pín oríṣiríṣi ìròyìn àrùn lórí WhatsApp: èwo ni ká tẹ̀ lé?

ÌBÉÈRÈ: Màmá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, wọ́n sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà Kòrónà, fóònù wọn kì í sinmi: ẹ mu èyí, ẹ má gba abẹ́rẹ́ yẹn, èèyàn báyìí-báyìí ti kú. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Bí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á ní mo fẹ́ mọ̀ jù wọ́n lọ. Ní báyìí tí wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ àrùn míì, báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó yẹ ká ṣe, báwo ni mo sì ṣe lè bá wọn sọ ọ́ tí kò ní di ìjà? (Ọmọ Màmá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ láti orí "ṣé òótọ́ ni?" Ìbéèrè yẹn kì í rọrùn láti dáhùn nínú ilé, àgàgà ní ọ̀sẹ̀ tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn onímọ̀ pàápàá ṣì ń wádìí. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò ni ohun tí wọ́n ní kí a ṣe: bó bá jẹ́ irọ́, kí ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é? Èyí tó ní kí ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ irọ́, ọṣẹ nìkan ló run. Àmọ́ èyí tó bá ní kí ẹ gbé nǹkan mì, kí ẹ dá oògùn tí dókítà kọ dúró, tàbí kí ẹ sá fún ilé ìwòsàn, kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ yín kọjá láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera ti rí i.

Ẹ rántí ti omi iyọ̀. Ebola wọ Èkó ní 20 Oṣù Keje, 2014. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ ti gba orí fóònù kan pé kí gbogbo ayé fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pe ara wọn lóru. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ìròyìn ti fi hàn pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Iyọ̀ kò sì ṣe nǹkan kan fún kòkòrò Ebola. Ṣíbí tíì kan iyọ̀ tó gíráàmù 5 tàbí kó lé díẹ̀. Gíráàmù 5 náà ni WHO ní kí àgbàlagbà má kọjá lóòjọ́, àti ti ọbẹ̀, àti ti búrẹ́dì, àti ti mágí. Bí èèyàn bá da ṣíbí mẹ́ta-mẹ́rin sínú ife kan tó gbé e mu, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á ga, á máa fa omi kúrò nínú ọpọlọ, ibẹ̀ ni gìrì àti dídákú ti ń wá. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru bíi ti màmá yín ló sì tètè ń ṣe ní jàǹbá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ẹni tó mu omi iyọ̀ lóru kò ní ogún ọdún láti dúró.

Ti Chloroquine tún yàtọ̀, nítorí oògùn gidi ni. Ní 19 Oṣù Kẹta, 2020, Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà yìn ín fún Kòrónà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Èkó fi ń kìlọ̀ pé àwọn tó lò ó jù ti dé ilé ìwòsàn. Oògùn tí gbogbo wa mọ̀ ni, èyí tó ń yún ara nígbà ibà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù rẹ̀ kò fi bani. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń wo ibà kò jìnnà sí ìwọ̀n tó lè dá ọkàn dúró.

Ìṣòro kejì wà nínú ìṣirò. Bí wọ́n bá ní "èèyàn 19 kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́", àyà á já, nítorí a lè fojú inú wo òkú 19. Ẹ bi í pé: nínú èèyàn mélòó? Ní 7 Oṣù Kẹrin, 2021, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Ìlú Ọba kéde pé nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà tí wọ́n ń pè ní AstraZeneca, tó tó 20 mílíọ̀nù tí wọ́n ti gún títí di ìparí Oṣù Kẹta, 79 ló ní irú ẹ̀jẹ̀ dídì kan tó ṣọ̀wọ́n, 19 nínú wọn sì kú. Ẹ pín in: bí mẹ́rin nínú mílíọ̀nù kan ló mú, nǹkan bí ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan ló kú. Wọn kò da abẹ́rẹ́ náà nù. Àwọn tí kò tó 30 ọdún, tí ara wọn le, ni wọ́n ní kí wọ́n fún ní irú mìíràn, torí pé Kòrónà kì í sábà pa ọ̀dọ́. Lára ẹni 70 ọdún, ewu àrùn ju ewu abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni Nàìjíríà kọ́kọ́ gbà, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, ní 2 Oṣù Kẹta, 2021. Òkú 19 yẹn sì rìn dé ọ̀dọ̀ wa, 20 mílíọ̀nù kò bá a rìn.

"Ìlọ́po méjì" náà ń tan èèyàn. Láti ẹnì kan nínú 100,000 sí méjì, ìlọ́po méjì ni. Láti mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí ogún, ìlọ́po méjì náà ni. Ti àkọ́kọ́ kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ ṣàìsùn.

Ẹ máa wo ọjọ́ orí ìròyìn pẹ̀lú. WHO kò sọ pé kí gbogbo èèyàn máa lo ìbomú aláṣọ níbi tí èrò bá pọ̀ sí àfi ní 5 Oṣù Kẹfà, 2020. Ìmọ̀ràn Oṣù Kẹta tako ti Oṣù Kẹfà, kì í ṣe pé wọ́n ń parọ́. Lórí WhatsApp, ọfà méjì lókè ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kò sọ ọ́ di irọ́, àmọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló mọ ìdí rẹ̀. Ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, ọ̀fẹ́ ni, tàbí kí ẹ bi nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò.

Ní ti màmá, ẹ má já wọn nírọ́ níwájú àwọn àbúrò wọn lórí WhatsApp. Àgbà tí a dójú tì ní gbangba á di ohun tó sọ mú ṣinṣin ni. Ẹ pè wọ́n. Ẹ má fi irọ́ náà ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́, torí ohun tí a bá ń tún sọ ni etí ń gbà: kàkà kí ẹ ní "omi iyọ̀ kì í wo àrùn yìí", ẹ ní "Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú wa, Mà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ni kí ẹ má jẹ́ kó tán nílé lásìkò yìí, iyọ̀ sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ yín sókè." Ẹ fún wọn ní nǹkan tí wọ́n lè ṣe dípò rẹ̀, ẹni tí ẹ kàn gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á wá òmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó pín in. Àwọn náà ló máa pín àtúnṣe fún ẹbí, pẹ̀lú ohùn ara wọn, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti mu omi iyọ̀ tàbí Chloroquine jù, tí ojú ń ṣú u, tó ń bì, tí etí rẹ̀ ń hó tàbí tí gìrì mú un, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ìka fà á jáde lọ́fun. Epo kì í pa oró oògùn, ó sì lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú páálí oògùn dání, kí ẹ sì sọ iye tó lò àti aago tó lò ó.