Èsì: Ìdí tí wọ́n fi ṣì fẹ́ràn Ocarina of Time

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn ṣì fẹ́ràn Ocarina of Time, géèmù fídíò Nintendo tí ẹ ní ẹ bẹ̀rẹ̀ tí kò sì wọ̀ yín lára, ni pé ayé inú rẹ̀ máa ń yí padà lójú ẹni tó ń gbá a.

Link, ọmọdé tí ẹ ń darí, yóò fa idà kan yọ nínú tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń pè ní Temple of Time, yóò sì jí lẹ́yìn ọdún 7 gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọjà tó kún fún èrò tẹ́lẹ̀, níbi tí tọkọtaya kan ti ń jó, ti di ahoro, àwọn òkú tó ń rìn nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní í ṣàlàyé púpọ̀ kí ọkàn yín tó bàjẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba òkúta iyebíye mẹ́ta nínú géèmù náà kí ẹ tó dé ibi tí ayé ti yí padà yìí. Bí ẹ bá dúró lọ́nà, ẹ kò tíì rí géèmù náà rárá.

Orin tí Koji Kondo kọ fún géèmù náà tún ń bẹ. Ohùn 5 péré ni orin ocarina, fèrè tí Link ń fọn, ń lò, ìka yín gan-an ló sì ń fọn ọ́n, ìdí nìyẹn tí kì í fi í kúrò lọ́kàn.

Bí Water Temple, tẹ́ńpìlì olómi inú géèmù náà, bá sú yín nínú ẹ̀dà ti ẹ̀rọ géèmù Nintendo 64 ti ọdún 1998, bàtà irin tí ẹ ń wọ̀ tí ẹ ń bọ́ léraléra ló fà á. Ẹ̀dà Nintendo 3DS ti ọdún 2011 ti mú un rọrùn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.