Àwọ̀ pọ̀ nínú fọ́tò mi, àmọ́ kò sọ nǹkan kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Fóònù ni mo fi ń ya fọ́tò ìgboro. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń lọ sí Mile 2 lọ ya danfó, àwọn ọlọ́jà, àti àwọn èrò rélùwéè tuntun, torí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí bí Èkó ṣe ń yí padà lójú wa. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé tí mo wò ó, ńṣe ni àwọ̀ á kàn máa pariwo mọ́ra wọn, kò ní jọ ohun tí mo rí tó wọ̀ mí lára. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú-àti-funfun. Ṣé kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má tíì yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò. Mi ò sọ pé dúdú-àti-funfun kò dára o. Ọjọ́ pẹ́ tí Akinbode Akinbiyi ti ń fẹsẹ̀ rin ìgboro Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà, dúdú-àti-funfun ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fi sùúrù wo ìlú, kó lọ wo iṣẹ́ bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ ń lé, inú àwọ̀ gan-an ló wà. Ní oṣù kẹsàn-án 2023 tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2, kí la pè é? Blue Line. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024 láti Agbádó sí Oyíngbò ńkọ́? Red Line. Danfó sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn pẹ̀lú yẹ́lò àti ìlà dúdú ara rẹ̀. Àwọ̀ ni ìlú wa fi ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Bó o bá bọ́ yẹ́lò lára danfó, bọ́ọ̀sì lásán ló kù yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti wọ́ ni pé gbogbo àwọ̀ ló ń jọba nínú àwòrán kan ṣoṣo. Funfun, pupa, dúdú: mẹ́ta làwọn àgbà wa kà, mo sì ń lo ìkà wọn lójoojúmọ́. Yẹ́lò danfó, epo, ọsàn tó pọ́n, gbogbo wọn ẹbí pupa ni. Aró, ewé tútù, òjìji abẹ́ bíríìjì, ẹbí dúdú. Sìmẹ́ǹtì àti ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́, ẹbí funfun. Pupa gbóná, funfun tutù. Kí n tó gbé kámẹ́rà sójú, mo máa ń bi ara mi pé: ẹbí wo ló nilé níbí, èwo ni àlejò? Onílé ni kó gba ibi tó pọ̀ jù, kí àlejò yọjú níwọ̀nba. Lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó rélùwéè National Theatre ní Ìgànmú, níbi tí ojú irin ti gun orí òpó. Jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì kún àwòrán rẹ, kó o wá dúró, kí danfó kan ṣoṣo kọjá níwájú rẹ̀. Danfó mẹ́wàá á di ariwo. Ẹyọ kan nínú gbogbo funfun tútù yẹn ló máa ń wọni lára. Ó lè gbà ọ́ ní wákàtí kan. Dúró.

Ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ọ̀sán gangan kò dára fún iṣẹ́ yìí, pàápàá ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹsàn-án tí oòrùn ń kan àtàrí wa: òjìji á wọ abẹ́ ẹsẹ̀, ojú ẹni tó dé fìlà á ṣókùnkùn. Àárọ̀ kùtù, tàbí láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni kó o jáde, má sì fi falẹ̀ torí ilẹ̀ wa kì í pẹ́ ṣú. Lẹ́yìn òjò, ọ̀dà títì á dúdú dáadáa, yẹ́lò danfó á sì hàn nínú omi tó dá rogún. Mi ò kọ oúnjẹ nítorí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ mo ti fi í sílẹ̀ kó tutù.

Fóònù rẹ náà ń dá sí ọ̀rọ̀ tí a kò pè é sí. Tó bá rí pupa ìrọ̀lẹ́, yóò fẹ́ sọ ọ́ di funfun. Wọ pro mode, níbi tí wàá ti fọwọ́ ara rẹ tún kámẹ́rà tò, gbé white balance (ibi tí fóònù ti ń pinnu bí àwọ̀ ṣe máa gbóná tàbí tutù tó) sí daylight, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nǹkan bíi 5500K, kó o fi í síbẹ̀. Fọwọ́ tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù, kó o fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Àwọ̀ á jinlẹ̀ sí i. Bí agboòrùn ńlá bá ń da àwọ̀ rẹ̀ sójú ìyá tó ń ta káàdì lábẹ́ rẹ̀, má ṣe tún un ṣe. Bí ojú wọn ṣe rí ní wákàtí yẹn nìyẹn.

Alẹ́ gan-an ló ti yí padà jù lójú tèmi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àtùpà kẹrosíìnì làwọn ọlọ́jà alẹ́ ń tàn, ojú gbogbo wọn á pọ́n bí ẹ̀yin iná. Ní báyìí, gílóòbù LED oníbátìrì ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, ó tutù. Oru Èkó ti kúrò nínú ẹbí pupa, mi ò sì rí ẹni púpọ̀ tó ń ya ìyẹn. Wá ibi tí àtùpà kan ṣì wà láàárín àwọn LED.

Kí ènìyàn kó o tó yà á. “Ẹ kú ọjà o, ìyá,” kó o ra nǹkan, kó o sọ ohun tí ò ń ṣe. Tí wọ́n bá kọ̀, dúpẹ́ kó o kọjá.

Kó o sì tọ́jú fọ́tò náà bó ṣe jáde, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó o ti yà á. Láti ara aláwọ̀ lo ti lè rí dúdú-àti-funfun nígbàkígbà. Dúdú-àti-funfun kò lè dá àwọ̀ padà. Mo ní fọ́tò mẹ́rin ti Ilojo Bar, ilé bíi tàwọn Àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà wálé, tó wà ní Tinubu Square kí wọ́n tó wó o ní oṣù kẹsàn-án 2016. Fíìmù dúdú-àti-funfun ni mo fi ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ mi bi mí lọ́dún tó kọjá pé irú ọ̀dà wo ló wà lára àwọn fèrèsé yẹn. Mo wo fọ́tò náà títí, mi ò lè dá a lóhùn.